Ẹni Tó Kọ Òdo sí Iwájú Ọ̀jọ́

Láràárọ̀, bí aago méje bá ti lù, Ọ̀gbẹ́ni Ẹkúndayọ̀ Ọmọ́tọ́ṣọ́ á ti wà nídìí tábìlì tí Múrítàlá ń pàtẹ ìwé ìròyìn sí ní Ìyànà-Ìbá. Kò jọ àwọn yòókù tó máa ń yí tábìlì náà ká, àwọn tó ń ka àkọlé iwájú ìwé lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n sì ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù àti ìṣèlú títí oòrùn á fi mú. Òun kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Á gba ìwé márùn-ún tí Múrítàlá ti kó pa mọ́ fún un, á ká wọn há abíyá, á sì yí padà sí Igbó-Elérin. Múrítàlá ló sọ ọ́ ní Bàbá Rògbòdìyàn.

"Bàbá Rògbòdìyàn, níbo ni wọ́n tún ti sun táyà láàárọ̀ yìí?"

Ẹkúndayọ̀ á ní ìlú mẹ́rin ni, tàbí méje, á sì dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí olùkọ́ tó ń pe orúkọ ọmọ nínú kíláàsì. Àwọn olófẹ̀ẹ́ á rẹ́rìn-ín. Òun náà á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á máa lọ.

Ọmọ Ìkàrẹ́ ni. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló lò ní ilé ìkàwé yunifásítì, níbi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti jẹ́ kó máa fi àlùmágàjí gé ìròyìn kúrò nínú ìwé, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, kó sì kọ ọjọ́ sí i lórí. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, àwọn onímọ̀ kan ní òkè òkun wá ẹni tó lè máa ka ìròyìn fún wọn. Wọ́n ń ṣàkọsílẹ̀ gbogbo ìwọ́de, ìyanṣẹ́lódì àti ìjà ìgboro tó ń ṣẹlẹ̀ káàkiri ayé, wọ́n sì ń gbé e síbi tí ẹnikẹ́ni ti lè wò ó. Wọn kò lè wà níbi gbogbo. Ìwé ìròyìn àti rédíò ni wọ́n fi ń ríran. Orílẹ̀-èdè méje ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, tiwa pẹ̀lú, ni wọ́n fún Ẹkúndayọ̀. Fún ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan, á kọ ìlà kan sínú láptọ́ọ̀pù: ọjọ́ wo ni, ìjọba ìbílẹ̀ wo, kí ló ń bí wọn nínú, èèyàn mélòó ló kú. Ọdún kọkànlá rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ náà nìyí, ìlà tó ti kọ sì lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlógún. Christiana ìyàwó rẹ̀, kó tó kú, máa ń sọ pé ọkọ òun mọ iye ẹni tó kú nílùú tí kò dé rí, kò sì mọ orúkọ ẹni tó ń gbé ní ojúlé kejì.

Kì í ṣe pé kò láàánú. Ó ti ṣàṣìṣe kan rí ni. Ní ọdún kejì tó bẹ̀rẹ̀, ìwé ìròyìn mẹ́ta ròyìn ìjà kan náà ní ìlú kan létí òkun, ní orílẹ̀-èdè tí kì í ṣe tiwa. Wọ́n ròyìn rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, pẹ̀lú iye òkú mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹkúndayọ̀ kọ ọ́ bí ìjà mẹ́ta. Òkú mẹ́tàlá di mọ́kànlélógójì. Ẹnì kan ka iye náà síta lórí rédíò níbẹ̀, àwọn èèyàn sì lọ gbẹ̀san ikú tí ẹnikẹ́ni kò kú. Láti ọjọ́ náà ló ti jókòó kọ òfin tí gbogbo àwọn akọ̀wé ìhà ọ̀dọ̀ wa ń lò dòní. Ìròyìn méjì tó bá jẹ́ ti ọjọ́ kan náà, ìjọba ìbílẹ̀ kan náà àti ìbínú kan náà, ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo ni. Bí iye òkú bá yàtọ̀, èyí tó kéré ni kí a mú. Ohun tí ìwé ìròyìn tàbí rédíò kò bá sọ, a kò mọ̀ ọ́n. Akọ̀wé kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹlẹ́rìí nínú ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń kọ. Òfin náà dára. Kò sí ẹni tó tún ti ipasẹ̀ rẹ̀ gbẹ̀san ohunkóhun.

Nínú ilé tó ń gbé ní Igbó-Elérin, yàrá Bímpé ló kọjú sí tirẹ̀. Obìnrin Abẹ́òkúta ni, sùtánà ni ó ń rán fún àwọn ìjọ aláṣọ funfun àdúgbò náà, ẹ̀rọ rẹ̀ sì máa ń dún láti ẹ̀yìn ìsìn òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo ni Jésùdámiláre Májẹ́kódùnmí, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, wẹ́dà, tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alábà. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ibẹ̀ ló máa ń sùn. Òun ló jó irin mọ́ fèrèsé Ẹkúndayọ̀. Ọ̀rọ̀ kì í tán láàárín àwọn méjèèjì lẹ́nu fèrèsé náà.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, tíránsífọ́mà àdúgbò jó, iná sì kú fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Bímpé padà sí ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀. Fóònù gbogbo ilé di ohun tí wọ́n ń kó wá sọ́dọ̀ Ẹkúndayọ̀, nítorí pé àwọn ọ̀gá rẹ̀ ti fi sólà kékeré kan ránṣẹ́ sí i. Ní ti wẹ́dà, iná ni iṣẹ́ rẹ̀. Dámiláre wà lára àwọn tó ní kí gbogbo èèyàn jáde lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun láti lọ fẹ̀hónú hàn lójú títì màrósẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó dúró lẹ́nu fèrèsé, ó fi ewé kan sí fìlà.

"Bàbá, a ń lọ o. Ẹ ò ní jáde wá kà wá ni?"

Ẹkúndayọ̀ kò gbé ojú kúrò lórí ìwé. "Jẹ́ kí ìwé ìròyìn kọ́kọ́ rí yín ná."

"Wọ́n á rí wa. Ẹ ṣáà ti wá nọ́ńbà ńlá kan sílẹ̀ dè wá."

Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ.

Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, ariwo bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà Ìyànà-Ìbá. Orin ni, kì í ṣe ìjà. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ariwo mìíràn gba ọ̀nà Okokomaiko wá, ìyẹn sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹkúndayọ̀ gbọ́ ohun kan tó dún lẹ́ẹ̀mẹta bí ìbọn. Ó ń tẹ́tí sí rédíò kan láti Gánà lọ́wọ́, ariwo náà kò sì jẹ́ kó gbọ́ orúkọ ìlú tí wọ́n ń pè. Ó dìde, ó pa fèrèsé dé.

Nígbà tó di aago mẹ́rin, rédíò Èkó kan kà á nínú ìròyìn pé àwọn olùgbé Ọ̀jọ́ dí ọ̀nà nítorí àìsí iná, ìbọn sì ba ọkùnrin kan, ó kú. Wọ́n ní láti inú ọkọ̀ kan tí kò ní nọ́ńbà ni ìbọn náà ti wá. Ó dá Ẹkúndayọ̀ lójú lẹ́yìn náà pé ẹni tó ka ìròyìn dárúkọ Okokomaiko. Ṣùgbọ́n orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ nìkan ni ibi tó ń kọ ọ́ sí ń béèrè. Ó kọ Ọ̀jọ́, ó kọ ọ̀kan. Ní ọjọ́ kejì, ìwé ìròyìn ròyìn pé àwọn olùgbé Ọ̀jọ́ wọ́de ní Ìyànà-Ìbá nítorí àìsí iná, wọ́n sì tú ká ní àlàáfíà, ẹnikẹ́ni kò kú. Ọjọ́ kan náà, ìjọba ìbílẹ̀ kan náà, ìbínú kan náà. Ó pa wọ́n pọ̀, ó mú iye tó kéré. Ọ̀jọ́, òdo.

Láti Ìyànà-Ìbá sí Okokomaiko kò gba ẹsẹ̀ púpọ̀, kò sì sí ọmọ àdúgbò náà tó jẹ́ pe ibi méjèèjì ní ibì kan. Bí ẹnì kan bá sọ bẹ́ẹ̀ fún Ẹkúndayọ̀ nídìí tábìlì Múrítàlá, òun gan-an ni ì bá kọ́kọ́ tún un ṣe. Ṣùgbọ́n nídìí láptọ́ọ̀pù, ó kọ Ọ̀jọ́ bó ti máa ń kọ ìlú tí kò fẹsẹ̀ tẹ̀ rí. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ó ti àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ náà pa gẹ́gẹ́ bí ìṣe.

Ọkàn Bímpé kò tíì dàrú nígbà náà. Fóònù Dámiláre kò lọ, ṣùgbọ́n fóònù ta ló ń lọ ní àsìkò náà? Ó rò pé ṣọ́ọ̀bù ló wà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló lọ síbẹ̀ tó bá àgádágodo lẹ́nu ilẹ̀kùn, tí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì sì sọ fún un pé láti ọjọ́ ìwọ́de ni òun kò ti rí i. Ó wá a dé ọ̀dọ̀ gbogbo ọ̀rẹ́, ó wá a dé ilé ìwòsàn mẹ́ta. Ọjọ́ Ajé ló rí i ní mọ́ṣúárì, pẹ̀lú nọ́ńbà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, nítorí pé ẹni tó gbé e wá kò mọ orúkọ rẹ̀. Ẹkúndayọ̀ bá wọn lọ síbi ìsìnkú. Ó dúró lẹ́yìn àwọn aláṣọ funfun, ó sì ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé ọkùnrin tí rédíò sọ nìyí. Bó ti rò ó bẹ́ẹ̀, ó rántí ohun tó kọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí ìwọ́de ọdún náà pa lára. Wọ́n ní bí ìgbìmọ̀ bá gba ẹjọ́ kan wọlé, wọn á pàṣẹ kí a wádìí ẹni tó yìnbọn. Bímpé kọ lẹ́tà, ó fi ìwé mọ́ṣúárì sí i. Lẹ́tà náà padà wá. Wọ́n ní ìwé mọ́ṣúárì kò sọ ibi tí ìbọn ti bà á, àti pé kò sí ẹni tó kú ní Ọ̀jọ́ lọ́jọ́ náà; àwọn tó ń ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní òkè òkun pàápàá kọ ọ́ pé òdo. Bímpé mú lẹ́tà náà wá sẹ́nu fèrèsé.

"Bàbá Tófúnmi, ẹ jọ̀ọ́, àwọn wo ló ń ka òkú ní òkè òkun? Kí ni mo ṣe fún wọn?"

Orúkọ ọmọ rẹ̀ ni gbogbo ilé fi ń pe Ẹkúndayọ̀. Ó gba lẹ́tà náà, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní òun á wò ó. Bímpé dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọpẹ́ náà ló dùn ún jù.

Ó pe Bùsáyọ̀ Ṣọlágbadé ní Ìbàdàn, ọ̀mọ̀wé tó ń darí àwọn akọ̀wé ìhà ibí. Nígbà tó wà ní yunifásítì, ọ̀dọ̀ Ẹkúndayọ̀ ló ti máa ń wá ka ìwé ìròyìn àtijọ́. Ẹkúndayọ̀ ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un. Bùsáyọ̀ fara balẹ̀ gbọ́ ọ, ó káàánú rẹ̀, lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá ìròyìn kan wà tó fi hàn pé ìṣẹ̀lẹ̀ méjì ni. Láìsí ìyẹn, àkọsílẹ̀ tí wọ́n ti tì pa kò ṣeé ṣí.

"Mo gbọ́ ìbọn náà fúnra mi, Bùsáyọ̀."

"Ẹ má bínú sà. Ẹ̀yin lẹ kọ òfin yìí. Òun ni mo fi ń kọ́ gbogbo àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn."

Ẹkúndayọ̀ lọ sí ilé rédíò náà. Wọ́n ní ohùn ìròyìn kì í pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lọ́wọ́ àwọn, ẹni tó kà á sì ti fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ó wá oníròyìn tó kọ ti ìwé ìròyìn kàn. Ìyẹn ní Ìyànà-Ìbá ni òun dúró sí, òun kò dé Okokomaiko, ohun tí òun rí ni òun kọ. Kò parọ́. Ẹkúndayọ̀ padà sílé. Nínú ohun tó kù láyé nípa ọkùnrin tó kú ní Okokomaiko, ìlà kan ṣoṣo tí Ẹkúndayọ̀ fúnra rẹ̀ kọ ló ṣẹ́kù, Ọ̀jọ́ ló sì pe ibẹ̀.

Nígbà náà ló tó sọdá sí yàrá Bímpé. Sùtánà kan wà lórí ẹ̀rọ, apá kan ni ó ní. Ti Dámiláre ni, èyí tí ì bá wọ̀ fún ìkórè. Ẹkúndayọ̀ kò jókòó. Ó sọ ohun tó jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, nítorí pé títí di ọjọ́ náà Bímpé rò pé ó kàn fẹ́ràn ìwé ìròyìn ni. Ó sọ bó ṣe kọ ọ̀kan, bó ṣe kọ òdo. Bímpé gbọ́ ọ títí.

"Ẹ gbọ́ ariwo wa lọ́jọ́ náà?"

"Mo gbọ́."

"Ìbọn ńkọ́?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Ẹ wá dúró de rédíò."

Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀. Ó fa aṣọ náà sún mọ́ra, ó ń wá ibi tí òwú ti já. Ẹkúndayọ̀ rọra padà sí yàrá tirẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn tí ìgbìmọ̀ náà jókòó, Ẹkúndayọ̀ wọ ẹ̀wù kóòtù tó máa ń wọ̀ lọ sí ilé ìkàwé, ó sì lọ sí gbọ̀ngàn tí wọ́n wà ní Ọ̀jọ́. Ó fi orúkọ sílẹ̀, ó dúró láti àárọ̀ di ọ̀sán. Alága ìgbìmọ̀ náà jẹ́ agbẹjọ́rò àgbà kan tó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó bi í bóyá ó wà níbẹ̀ nígbà tí ìbọn dún. Ẹkúndayọ̀ ní rárá. Ó bi í bóyá ó mú ìwé ìròyìn kan dání tàbí ohùn rédíò. Ó tún ní rárá.

"Àkọsílẹ̀ tó wà níwájú wa sọ pé òdo, Bàbá."

"Èmi ni mo kọ ọ́, sà. Irọ́ ni. Ọkùnrin kan kú ní Okokomaiko, Jésùdámiláre Májẹ́kódùnmí ni orúkọ rẹ̀."

Alága náà wò ó pẹ́. "Nígbà tí ẹ kọ òdo, ẹ kò tíì mọ ẹni tó kú. Ẹ kò ṣe ojúsàájú. Lónìí, ẹ ti mọ̀ ọ́n, ẹ sì fẹ́ràn rẹ̀. Nínú ẹ̀yin méjèèjì, èyí tó kọ òdo ni òfin ní ká gbà gbọ́."

Bó bá jẹ́ Ẹkúndayọ̀ ló wà lórí àga yẹn, ohun tí òun náà ì bá sọ nìyẹn.

Ní ọjọ́ kejì, Múrítàlá kò pè é ní Bàbá Rògbòdìyàn. Ó ṣí ìwé kan sí ojú ewé kẹtàlá, ó nà án sí i, ó sì ní kó wò ó bóyá òun ni. Gbólóhùn mẹ́ta ni: pé ẹnì kan tó ti fẹ̀yìn tì sọ fún ìgbìmọ̀ pé ìbọn pa ọkùnrin kan ní Okokomaiko lọ́jọ́ ìwọ́de, yàtọ̀ sí ìwọ́de Ìyànà-Ìbá. Oníròyìn kan ti wà ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Kò dárúkọ Ẹkúndayọ̀.

Àwọn olófẹ̀ẹ́ ń jiyàn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ka gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ìdúró. Ìròyìn nìyí. Ó ní ọjọ́, ó ní ibi, ó ní iye. Bó bá kàn kọ ọ́ ránṣẹ́, kò sẹ́ni tí yóò mọ ẹlẹ́rìí náà. Ó ká ìwé náà há abíyá, ó lọ sílé, ó sì pe Bùsáyọ̀. Ó ka ìròyìn náà fún un. Ayọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nínú ohùn Bùsáyọ̀ kí Ẹkúndayọ̀ tó fi kún un pé òun fúnra òun ni ẹni tó ti fẹ̀yìn tì náà.

"Háà, sà. Akọ̀wé kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹlẹ́rìí."

"Mo mọ̀. Bí mi ò bá jẹ́ akọ̀wé mọ́ ńkọ́?"

Bùsáyọ̀ bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní kó rò ó wò dáadáa, pé ọdún mọ́kànlá kì í ṣe ọjọ́ kan. Ó tún sọ pé bí ẹlòmíràn bá kọ ọ́, oṣù tó ń bọ̀ ni yóò tó jáde, ìgbìmọ̀ á sì ti kúrò níjòókòó nígbà náà. Ẹkúndayọ̀ ní òun ti ṣírò ìyẹn. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó kọ lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀, ó nu ojú láptọ́ọ̀pù, ó dì í sínú páálí tí wọ́n fi kó o wá, ó sì tú sólà kúrò lórí òrùlé láti fi ránṣẹ́ padà.

Ìgbìmọ̀ parí iṣẹ́ rẹ̀. Nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde, wọ́n kò dárúkọ ẹnikẹ́ni láti Ọ̀jọ́, ẹnikẹ́ni kò sì wádìí ọkọ̀ tí kò ní nọ́ńbà. Ní òpin oṣù tó tẹ̀ lé e, Bùsáyọ̀ fi ojú ìwé kan ránṣẹ́ sórí fóònù Ẹkúndayọ̀. Ó mú un lọ bá Bímpé. Wọ́n ti gbé tíránsífọ́mà mìíràn wá nígbà náà, iná wà, ẹ̀rọ ń dún. Bímpé pa ẹ̀rọ, ó nu ọwọ́, ó gba fóònù náà, ó sì fi ìka fa ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ tóbi sí i. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà wà níbẹ̀. Okokomaiko wà níbẹ̀, lábẹ́ Ọ̀jọ́. Ọ̀kan wà níbẹ̀.

"Orúkọ rẹ̀ dà?"

Ẹkúndayọ̀ ní wọn kì í kọ orúkọ.

Bímpé mi orí. Ó tún wo ọ̀kan náà, ó wá ń yí ojú ìwé náà sókè díẹ̀díẹ̀, ó ń kọjá lórí àwọn ìlú tí kò mọ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ní òdo níwájú.

"Àwọn yìí ńkọ́, Bàbá Tófúnmi? Òdo àwọn yìí, ṣé wọ́n dá yín lójú?"

Ó fẹ́ dáhùn pé òun á padà lọ yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rántí pé láptọ́ọ̀pù ti lọ, pé ọ̀nà tó fi ń wọlé sínú àkọsílẹ̀ náà sì ti tì. Bímpé kò wo ojú rẹ̀. Ó dá fóònù padà fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó tẹ́ aṣọ funfun sórí ẹ̀rọ, ó sì ń rán an lọ.